Réènkóòtù àti kéèpù òjò: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà n'Ìbàdàn lásìkò òjò yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun màṣíìnì n'Ìbàdàn, díspáàṣì o, ọlọ́kadà o, tíṣà tó ń gun tiẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kéèpù òjò fún yín. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí n tó ṣàlàyé, torí òjò ti dé, ọjà aṣọ òjò ti ń yá ní Ògùnpa àti Dùgbẹ̀, owó kéèpù sì wálẹ̀ ju ti réènkóòtù lọ débi pé ibẹ̀ lojú èèyàn máa kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tẹ́ ẹ ń pọnmọ lọ pọnmọ bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ l'Ọ́jàaba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ délé, kéèpù ni tiyín, ẹ má wulẹ̀ da owó sórí kóòtù.

Méjèèjì ni mo rà, lọ́wọ́ màmá kan náà ní Ògùnpa. Réènkóòtù yẹn, kóòtù àti ṣòkòtò ni, zip wà níwájú, ahọ́n aṣọ kan wá bo zip yẹn mọ́lẹ̀ tó ní bọ́tìnnì tó máa ń dún kà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, rọ́bà wà lọ́rùn ọwọ́, fìlà wà lẹ́yìn ọrùn, ìlà funfun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà tí iná mọ́tò bá tàn sí i wà láyà àti lẹ́yìn. ₦15,000 la jọ fẹnu kò sí. Kéèpù ní tiẹ̀, aṣọ gbàgẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni, wọ́n gé ihò orí sáàárín, wọ́n rán fìlà mọ́ ihò yẹn, wọ́n fi bọ́tìnnì kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, ó parí. Kò lápá, kò ní zip, kò ní àpò. ₦5,000.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ màmá yẹn díẹ̀ torí ẹni tó yẹ ká yìn ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà lọ́nà ibẹ̀, bí wọ́n bá ti rí ẹ báyìí, "Bọ̀dá, ẹ wá, èló lẹ fẹ́ san?" ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Màmá yìí ò bèèrè owó rárá. Ó wo hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọkọ mi, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?" Mo ní èmi àti ìyàwó mi ni mà. Ó ní, "Ìyàwó ẹ náà ń gun màṣíìnì ni?" Mo ní rárá mà, ọmọ ló ń pọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́hẹ̀n. Ìwọ mú èyí tó lápá. Gbé kéèpù fún un, kó rí nǹkan da bo ọmọ." Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò fi tipá tà mí ní nǹkan míì, ó ní kí n tú kóòtù síta kí n yẹ̀ ẹ́ wò nínú àti lẹ́yìn kí n tó sanwó. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́.

Nǹkan tí mo wá rí ni pé gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín kóòtù àti kéèpù, ibi tí ọwọ́ wà ló dá lé. Nínú kóòtù, ara ẹ wà nínú, ọwọ́ ẹ wà níta, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú kéèpù, ara, ọwọ́, báàgì, ọmọ, gbogbo wọn ló jọ wà lábẹ́ ibì kan náà, tó o bá sì ti fẹ́ fi ọwọ́ ṣe nǹkankan àfi kó o ká aṣọ sókè, bó o bá sì ti ká a sókè òjò ti wọlé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún gbà yín nímọ̀ràn lọ́jà.

Mo wọ kéèpù yẹn gun màṣíìnì láti Bódìjà lọ sí Mọ́kọ́lá kí n lè mọ bó ṣe máa ń rí, òjò wẹ́wẹ́ ló ń rọ̀, kì í ṣe ńlá. Bí mo ṣe na ọwọ́ méjèèjì síwájú tí mo di màṣíìnì mú, iwájú kéèpù gbéra sókè, ó wá ṣe kòtò sáàárín apá mi méjèèjì, omi ń rọ́ jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí mo bá ti tẹ búréèkì báyìí gbogbo omi yẹn á ya lé mi lórí itan. Ìyẹn ò tiẹ̀ tíì burú. Ìgbà tí mo dé ọ̀nà Sẹkitéríàtì tójú ọ̀nà là, tí mo fúnná sí i, atẹ́gùn gba abẹ́ wọlé, kéèpù wú, ó ń fà mí lọ́rùn sẹ́yìn, etí ẹ̀ ń lù pá pá pá lẹ́yìn, ó bo dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀ mi ò rí mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́. Nígbà tí mo fi máa dúró, òórùn rọ́bà tó ń jó ti gba imú mi, ìṣẹ́tí kéèpù ti lọ lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ǹsà, ó ti jó ihò kan sí i tó tó ojú bọ́tìnnì, dúdú sì ti lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ǹsà yẹn tí mo fi ọ̀bẹ ha á títí.

Sàlẹ́ǹsà nìkan kọ́ lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí o, ṣéènì àti táyà ni. Aṣọ tó bá ń fò lẹ́yìn èèyàn lórí nǹkan tó ń yí, ikú ló ń wá kiri. Oníjó ará Amẹ́ríkà kan wà tó lókìkí gan-an láyé ìgbà yẹn, Isadora Duncan, síkáàfù gígùn ló wé mọ́rùn lọ́dún 1927 nílùú Nice ní ilẹ̀ Faransé, ó jókòó sínú mọ́tò tí ò ní òrùlé, etí síkáàfù yẹn há sí táyà ẹ̀yìn, bó ṣe kú nìyẹn. Síkáàfù lásán. Ẹ wá wo kéèpù tó gùn dé orúnkún lórí Bajaj tí ṣéènì ẹ̀ ò ní ìbòrí, torí àwa náà la máa ń tú ìbòrí yẹn dànù tó bá ti ń dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé èrò sẹ́yìn tí èrò yẹn bá jẹ́ obìnrin tó fi ìborùn kọ́rùn, ẹ máa sọ fún un kó so ó mọ́ra, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ará Vietnam ńkọ́, ṣebí kéèpù ni wọ́n ń wọ̀ gun màṣíìnì nínú òjò. Òótọ́ ni, wọ́n ń wọ̀ ọ́, mo sì fẹ́ràn ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: wọ́n máa ń fi rọ́bà tó mọ́lẹ̀ gaara sí iwájú kéèpù níbi tí iná màṣíìnì máa wà kí iná lè ríran jáde, òmíràn tiẹ̀ wà tó ní ihò orí méjì, tẹni tó ń wà á àti tẹni tó wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú màṣíìnì tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn, èyí tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú ni, tí wọ́n fi nǹkan bo ṣéènì ẹ̀, wọ́n sì máa ń da iwájú kéèpù yẹn bo ọwọ́ màṣíìnì kó má baà fò. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere náà ní tiwọn, okùn kékeré wà nínú kéèpù tí wọ́n máa ń ki àtàǹpàkò bọ̀ kó lè dúró lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òmíràn wà tí wọ́n máa so mọ́ ìbàdí, kẹ̀kẹ́ ológeere ò sì yára tó màṣíìnì. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí ò ní ìkankan nínú gbogbo ìyẹn, ihò orí àti bọ́tìnnì ni.

Ẹ tiẹ̀ wò ó o, àwa náà mọ aṣọ tí ò lápá láti ọjọ́ pípẹ́. Àlùkìmbà táwọn Ààfáà máa ń gbé kọ́rùn lọ́jọ́ ayẹyẹ, táwọn ọmọ ilé kéwú náà máa ń wọ̀ lọ́jọ́ wòlímọ̀, irú ẹ̀ táwọn Ẹ́míà máa ń wọ̀ lókè ọya, kéèpù ni, èjìká ló gbé e ró, apá ò sí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní gbé ẹrù, kò ní wa mọ́tò, ó jókòó ni tàbí ó ń rìn jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn ń kí i. Agbádá wà láàárín méjèèjì, ó ní ibi tí ọwọ́ ń gbà jáde, ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá tó wọ agbádá tó fẹ́ jẹ iyán níbi ìnáwó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ká a, apá ọ̀tún lọ sí èjìká ọ̀tún, apá òsì lọ sí èjìká òsì, ó tún máa wo ẹ̀gbẹ́ kó má baà bọ́ sínú ọbẹ̀. Aṣọ tí èjìká gbé ró, aṣọ ìjókòó ni. Aṣọ tó lápá, aṣọ iṣẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọlọ́kadà má dán kéèpù wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí kéèpù ti ga ju kóòtù lọ fíìfíì, torí n ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé nǹkan burúkú ni. Ìyàwó mi wọ̀ ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ní héẹ̀tì sẹ́ńtà, òjò ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ bá mi rò ó, obìnrin tó pọnmọ, báwo ló ṣe fẹ́ wọ kóòtù? Tó bá wọ kóòtù kó tó pọnmọ, ọmọ wà níta, òjò ń pa ọmọ. Tó bá pọnmọ tán kó tó wọ kóòtù, kóòtù ò ní pé lẹ́yìn, zip ò ní pàdé níwájú, àfi kó wọ ti ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tí apá ẹ̀ máa wá gùn kọjá ọwọ́. Kéèpù ní tiẹ̀, ó pọnmọ ẹ̀ dáadáa, ó gbá ọ̀já, ó so ó le, ó kan da kéèpù borí ni, fìlà dúró sórí tiẹ̀, ẹ̀yìn kéèpù bọ́ sílẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ ọmọ, atẹ́gùn ń gba abẹ́ wọlé débi pé ooru ò mú ọmọ. Báàgì ọmọ àti káàdì àjẹsára wà lábẹ́ ẹ̀ níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó kan bọ́ ọ lórí ni, ó gbọ̀n ọ́n sẹ́nu ọ̀nà, ó ká a sínú nylon, ọmọ ò tiẹ̀ jí. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni pé kẹ́ ẹ máa tọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀ lóòrèkóòrè, kẹ́ ẹ rí i pé rọ́bà yẹn ò lẹ̀ mọ́ ọmọ lójú tàbí nímú, kí orí ọmọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀nà atẹ́gùn ṣí sílẹ̀.

Yíyára wọ̀ yíyára bọ́ yìí gan-an ló jẹ́ káwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kéèpù láyé àtijọ́, ẹ máa rí i nínú fọ́tò wọn, aláwọ̀ búlúù tó ṣókùnkùn tí inú ẹ̀ pupa, okùn méjì tó gba àyà kọjá síra. Wọ́n á da á lé yúnífọ́ọ̀mù láti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn, wọ́n á sì bọ́ ọ ní kíá láìba fìlà àti apá yúnífọ́ọ̀mù jẹ́.

Kéèpù tún ṣeé pín, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ kóòtù. Àwọn Kátólíìkì máa ń sọ ìtàn Martin ará Tours, sọ́jà Róòmù kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan àbọ̀ ó lé sẹ́yìn, tó rí alágbe kan tí òtútù ń pa lẹ́nu bodè ìlú Amiens, tó fi idà gé kéèpù ẹ̀ sí méjì tó fún un ní ìdajì. Kóòtù ò ṣeé gé bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá la kóòtù sí méjì ẹni méjì ni òtútù máa pa. Lọ́dọ̀ tiwa, mo ti rí ìyá kan ní Bẹẹrẹ tó fi kéèpù kan kó ọmọ ẹ̀ méjì láti ilé ìwé, orí ìyá nìkan ló hàn, ẹsẹ̀ mẹ́fà ń rìn lábẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ń tajà náà, tí òjò bá ti ya lójijì, wọ́n máa ń bọ́ tiwọn da bo ọjà, torí tẹ́ ẹ bá já bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó ti di tapólì pẹrẹsẹ nìyẹn.

Wàyí o, réènkóòtù mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀, n ò sì ní tan yín jẹ, ó ní àbùkù. Kóòtù yẹn fúnra ẹ̀ dáa, òjò tó rọ̀ láti Àkóbọ̀ débi tí mo fi dé Challenge ò kan ṣẹ́ẹ̀tì mi láyà rárá. Ṣòkòtò ẹ̀ ló ń jò, ojú ibì kan ṣoṣo ló sì ń gbà jò, ojú ìrán tó wà ní àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ibi tí èèyàn jókòó lé gan-an. Ẹ yí ṣòkòtò yẹn padà sẹ́yìn ẹ máa rí ìdí ẹ̀: gbogbo ojú ìrán kóòtù ni wọ́n fi téèpù tín-ín-rín lẹ̀ látinú, ti ṣòkòtò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ dé itan wọ́n wá dúró. Ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ibẹ̀ ni omi ń gbà.

Àìsàn yìí sì ti wà lára aṣọ òjò látilẹ̀. Charles Macintosh, ará Scotland, òun ló gba pátẹ́ǹtì aṣọ òjò, ìwé àṣẹ pé òun ló ni ọgbọ́n yẹn, lọ́dún 1823, ó yọ́ rọ́bà, ó fi í sáàárín aṣọ méjì, ó tẹ̀ wọ́n pọ̀, omi ò lè kọjá. Ṣùgbọ́n bí táílọ̀ bá ti gbé e, tó fi abẹ́rẹ́ rán an, omi á máa gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Rọ́bà yẹn náà, tí òtútù bá mú a le gbagidi, tí oòrùn bá pa á a máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó tún ń rùn. Láàárín ọdún 1839 sí 1844 ni Charles Goodyear l'Amẹ́ríkà àti Thomas Hancock nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí i pé tí wọ́n bá fi imí ọjọ́ àti ooru sí rọ́bà, kò ní máa yọ́ kò sì ní máa le mọ́. Lọ́dún 1879, Thomas Burberry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gba ọ̀nà míì, ó ṣe òwú ẹ̀ kí omi má lè wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó hun ún, wọ́n sì hun ún ki, aṣọ yẹn ń mí, irú aṣọ yẹn ni wọ́n fi rán kóòtù táwọn ọ̀gá sọ́jà Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ nínú kòtò ogun láàárín ọdún 1914 sí 1918. Ojú ìrán àti ooru, nǹkan méjì tí gbogbo wọn ń bá jà nìyẹn, òun náà sì ló wà lára èyí tí mo rà yìí.

Ooru yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Òjò Ìbàdàn kì í ṣe òjò òtútù, tí òjò bá dá fún ogún ìṣẹ́jú oòrùn ti yọ, o sì wà nínú rọ́bà látọrùn dé kókósẹ̀. Òógùn á rin ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó ò ní mọ̀ bóyá òjò ló wọlé ni. Kóòtù tí mo rà yìí ní ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké lábẹ́ apá àti lẹ́yìn lábẹ́ ahọ́n aṣọ kan, ó ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, kò pọ̀. Níbí yìí kéèpù fi ọwọ́ rọ́ kóòtù sẹ́yìn pátápátá, atẹ́gùn ń gba abẹ́ ẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó tù ẹ́ lára nígbà tó ò ń fẹsẹ̀ rìn yẹn náà ló máa gbé ẹ ṣubú lórí màṣíìnì, n ò lè fi òógùn ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀mí mi.

Àwọn tó ń lọ òkè òkun tí wọ́n ń bi mí bóyá kí wọ́n ra kéèpù onírun tí wọ́n ń wọ̀ nígbà òtútù torí ó rẹwà nínú fọ́tò: ẹ ra kóòtù. Atẹ́gùn tútù máa gba abẹ́ kéèpù gùn ẹ́ dé inú eegun.

Ẹ tún gbọ́ èyí, kò sí aṣọ òjò, ìbáà lápá ìbáà má lápá, tó wà fún ẹ̀kún omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 rí bí omi ṣe gbé afárá lọ tó gbé èèyàn lọ. Tí òjò bá ti di báyẹn, ẹ páàkì sábẹ́ fílíńsìtéṣọ̀n, kọ́sítọ́mà tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi nylon ẹ̀ han yín. Ẹ tú u síta, ẹ yí kóòtù àti ṣòkòtò padà, ẹ fi ìka tọ ojú ìrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá abẹ́ ṣòkòtò, téèpù gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ fi ìka méjèèjì fa aṣọ yẹn, èyí tó bá ń dún bíi pé ó fẹ́ fọ́, rọ́bà tó le ni, kò ní pẹ́ tó fi máa là níbi tí wọ́n ká a sí, ẹ wá èyí tó rọ̀ tó jẹ́ nylon lójú, tó jẹ́ rọ́bà látinú. Ẹ mú èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju yín lọ, ẹ wọ̀ ọ́ sórí aṣọ tó wà lọ́rùn yín níbẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó bí ẹni tó ń gun màṣíìnì, kẹ́ ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí ọrùn ọwọ́ bá yọ síta, ẹ dá a padà. Tó bá sì jẹ́ kéèpù lẹ fẹ́, kó gùn kọjá orúnkún, kí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé, kẹ́ ẹ rí i pé ihò orí yẹn ò fẹ̀ jù. Tó bá ti rin, inú ilé níbi tí atẹ́gùn wà ni kẹ́ ẹ ti sá a, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì ká a ní tútù, a máa hu funfun. ₦15,000 yẹn, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ₦18,000, nítorí náà ẹ nájà dáadáa.